Kí Ewì Gbénga Tó Dé Orí Rédíò

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo mọ ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ tí o bá rí ìwé yìí lọ́wọ́. O máa ní, "Ṣé Màmi ò lè pè mí ni?" Mo lè pè ọ́. Mo gbé fóònù, mo tún gbé e sílẹ̀, torí mo mọ ara mi. Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, mo máa kọ́kọ́ bú ọ, ìwọ náà á máa ṣàlàyé, ẹ̀rín á gbà wá, a ó sì pa fóònù láì sọ ohun tó yẹ ká sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sídìí tábìlì tí a ti ń to bébà níbi iṣẹ́ wa ní Ṣómólú. Àwọn yòókù ti lọ jẹun, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti sinmi, mo sì ti wá bírò kan tó ṣì ń kọ̀wé. Fara balẹ̀ kà á. Má kà á nínú ọkọ̀.

O kú oríire iṣẹ́ tuntun. Inú mi dùn débi pé mo ti sọ fún àwọn tí ò béèrè lọ́wọ́ mi. Ọmọ tó ń kéwì fún wa ní pásééjì ilé ní Bàrígà, tí mo máa ń sọ fún pé kó rọra kí onílé má baà lé wa jáde, òun ni ilé iṣẹ́ rédíò gbà pé kó máa fi ewì jí àwọn ará Èkó láàárọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí ohun tó kù nínú ìwé yìí, ẹ̀rù ló pọ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí, o ní ọ̀gá yín sọ pé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, tí ètò rẹ máa bẹ̀rẹ̀, kí o fi ohun tó bà ọ́ nínú jẹ́ jù lọ ṣí i, ohun tó máa mú omi jáde lójú àwọn olùgbọ́ kí wọ́n lè máa pè wọlé. O ní o ti rí i, ikú Ańkù Gbénga ni. Ara rẹ yá gágá bí o ṣe ń sọ ọ́. Mo ní, "Màmá ńkọ́?" O ní, "Màmi, ta ló tún ń gbọ́ rédíò láàárọ̀ mọ́?"

Ìyá mi ni. Ìyá mi tó tọ́ ọ dàgbà, tí wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ-ọmọ àwọn ń bọ̀ lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ti sọ fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa. Wọ́n ti sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń bá wọn wo ẹsẹ̀ ní Ìgbóbì. Màmá kan náà yìí ni ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún pé Gbénga, àbíkẹ́yìn wọn, ti kú ní Jọ́ọ̀sì láti ìgbà ọyẹ́, tí wọ́n sì ti sin ín síbẹ̀.

O mọ bó ṣe jẹ́. Nígbà tí ìròyìn náà dé, orí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n wà, egungun ìbàdí wọn ò tíì jinná. Bọ̀dá mi tó wà n'Íbàdàn ní ká jẹ́ kí ẹsẹ̀ san ná. Ẹsẹ̀ san. Wọ́n ní ká jẹ́ kí Àjíǹde kọjá. Àjíǹde kọjá. Ní báyìí kò sẹ́ni tó ń dá a sọ mọ́. Tí Màmá bá béèrè rẹ̀, mo máa ní inú igbó ni Gbénga ti ń ṣiṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò débẹ̀. Irọ́ yẹn ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé ọjọ́ kan wà tí mo bá ara mi tí mò ń bínú sí Gbénga pé kò pè.

O lè máa rò pé Màmi ti ń bẹ̀rù jù. Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò sọ fún ọ rí. Mo máa ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé àwọn àgbà ló wá túfọ̀ bàbá mi fún mi. Kì í ṣe àwọn àgbà. Ewì ló túfọ̀ fún mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débi iṣẹ́ yìí nígbà náà ni. Rédíò kan wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọ̀gá wa ìgbà náà ò lè ṣiṣẹ́ tí kò bá dún. Èmi àti Múnírátù ń to ìwé ètò ìsìnkú ẹlòmíì, ojú ìwé kan lórí èkejì, ni ọkùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ ewì. Ohùn rẹ̀ dùn, Àbẹ̀kẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà tó wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó sọ̀rọ̀ àwọn igi máńgòrò, ó dé ilé ìwé, ó fi ẹnu lu agogo ilé ìwé náà. Ó sọ ti tíṣà kan tí kò jẹ́ na ọmọ tó ń fi òsì kọ̀wé, tó jẹ́ pé ṣe ló máa di ọwọ́ òsì yẹn mú tí á bá a kọ ọ́. Mò ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Múnírátù pé, "Gbọ́ bó ṣe ń sọ ìlú wa bí ẹni pé ó ń rí i." Ọwọ́ mi ti ń bá ohùn rẹ̀ rìn, bó bá mí ni mo máa gbé bébà lélẹ̀. Ó wá pe oríkì tíṣà náà. Ó pe agboolé rẹ̀. Ó ní kó sùn re, ó dàárọ̀.

Bàbá mi ni. Mo ti ń mi orí sí ikú bàbá mi kí n tó mọ̀ pé ó kú.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn àgbà wà lójú ọ̀nà Èkó. Àbúrò bàbá mi àti díákónì kan ni wọ́n rán. O mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé wa. Wọn ò ní kánjú. Wọ́n á béèrè omi mu, wọ́n á béèrè bóyá o ti jẹun, obìnrin kan tó lágbára á wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí o lè ṣubú sí. Wọ́n á kọ́kọ́ ní ara Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Tí wọ́n bá rí i pé o gbé ìyẹn, wọ́n á fi díẹ̀ kún un. Ojú rẹ ni wọ́n ń wò sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wọlé lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ ni wọ́n bá mi, Múnírátù ń fi omi tútù nù mí lójú. Àbúrò bàbá mi kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ta ló sọ fún un?" Múnírátù nawọ́ sí fèrèsé.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà yẹn ti tò sílẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò rí ọ̀kan sọ mọ́. Ó jókòó, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Akéwì yẹn ò ṣe ibi kankan. Ọmọ ilé ìwé bàbá mi ni, òun gan-an ni ọmọ tó ń fi òsì kọ̀wé. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ó wá síbi ìsìnkú, ó sunkún ju àwa ọmọ lọ, mi ò sì lè bínú sí i. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe ni pé kò rí mi. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù lórí ọ̀rọ̀ tìrẹ, torí mo mọ̀ pé ìwọ náà ò ní ibi lọ́kàn. Ọmọ dáadáa ni ọ́, ewì rẹ sì dára. Ewì tí kò dára, ta ló máa dúró gbọ́ ọ débi tí orúkọ á ti jáde?

Nítorí náà, gba èyí lọ́wọ́ mi kí o tó gba ohunkóhun mìíràn. Nígbàkúùgbà tí o bá fẹ́ kéwì òkú lórí rédíò, kọ́kọ́ béèrè pé ta ni wọn ò tíì sọ fún. Béèrè lọ́wọ́ ẹbí. Pè wọ́n, bó bá gba pé kí o lọ bá wọn nílé, lọ bá wọn. Tí àwọn ará ọ́fíìsì bá ní ilé iṣẹ́ mìíràn máa gbé e kí ẹ tó gbé e, jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ìwọ̀nba ìyẹn náà ni o pàdánù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò tó sì ṣubú, kò sẹ́ni tó máa dì í mú.

Èkejì jẹ mọ́ Ìyá Rídíwàn tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa. O rántí ewì tí o fi ṣẹ̀fẹ̀ nípa bó ṣe ń han-run? Nínú pásééjì, òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù, ó ń ní kí o tún un sọ, ó tún ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé òun ń ṣe é. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ wá ká a sórí fídíò, tó gbé e sí Wásáàpù, tí àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí láti Onípánù títí dé ibi tí a ò mọ̀ ń fi rẹ́rìn-ín, kò bá wa pọnmi pọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. O ní, "Ṣebí ewì kan náà ni." Ọ̀rọ̀ kan náà ni lóòótọ́. Àmọ́ nínú pásééjì ó wà níbẹ̀, ó lè bú ọ padà, ó lè jù ọ́ ní bàtà. Lórí fóònù ẹni ẹlẹ́ni, kò lẹ́nu. Tí o bá máa fi èèyàn ṣẹ̀fẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, bi ara rẹ bóyá onítọ̀hún lè dá ọ lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ oríkì. Àwọn èèyàn ńlá máa wá bá ọ pé kí o kì àwọn lórí ètò rẹ. Oríkì ilé wa, o mọ ibi tí a ti ń fi bàbá ńlá wa tó sá lójú ogun ṣe yẹ̀yẹ́. Tí Màmá bá kì í débẹ̀ nínú yàrá, gbogbo wa ló ń rẹ́rìn-ín, ara wa ni. Gbé ibì kan náà sórí rédíò, kí o wo bí àwọn ẹbí ṣe máa ya lù ọ́. Gbogbo ilé ló ní irú ibi bẹ́ẹ̀ nínú oríkì wọn. Má ṣe kì ilé tí o ò mọ inú rẹ̀.

Ti ọ̀gá yín tó ń fẹ́ ẹkún wá ńkọ́? Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò fẹ́ bú u. Ṣùgbọ́n rò ó wò. Tí o bá fi Gbénga bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé yìí, ta lo máa fi ṣe é lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e? Ṣé èmi ni? Ẹni tó bá ti fi ìbànújẹ́ ilé rẹ̀ pe èrò, ìbànújẹ́ ni èrò náà á máa wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí o pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò fẹ́ kí o máa wo ara ilé rẹ káàkiri pé ta ló kàn.

Kí n tó gbàgbé, máa mu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀fun rẹ máa ń gbẹ. Má sì sọ àdúgbò tí o ń gbé lórí afẹ́fẹ́, Èkó ni ibí.

Mo ti gbìyànjú láti fi ọgbọ́n tèmi yanjú ọ̀rọ̀ yìí, máa rẹ́rìn-ín. Mo yọ bátìrì inú rédíò Màmá. Wọ́n gbọn rédíò náà títí, wọ́n rán Ìyá Rídíwàn níṣẹ́, ó ra tuntun bọ̀ láti Onípánù. Wọ́n wá wò mí bí ẹni ń wo olè. Mo tún rò ó pé kí n gbé wọn jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ká lọ kí ẹnì kan ní Ìlàjẹ létí omi. Ṣé kò sí rédíò ní Ìlàjẹ ni? Ṣé àwọn tó ń yan ẹja níbẹ̀ ò ní fóònù ni? Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ á ti gbé e síwájú wọn pé, "Màmá, ẹ wo ọmọ yín." Mo wá rí i pé kò síbi tí mo lè gbé wọn lọ.

Mo sì tún rí nǹkan mìíràn. Ewì náà tí o fi ránṣẹ́ sí mi, mo lọ sẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, níbi tí wọ́n ń kó ajẹkù bébà sí, mo fi fóònù sétí. Ibi tí o ti sọ pé ó máa ń rẹ́rìn-ín àwàdà ara rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Ibi tí o ti sọ pé ó máa ń gbé báàgì ilé ìwé rẹ kọ́ ọrùn, tí á máa rìn bí ọmọ ilé ìwé kí o lè rẹ́rìn-ín dé géètì. Àbẹ̀kẹ́, láti ìgbà tí Gbénga ti kú mi ò sunkún rẹ̀ rí, torí Màmá á rí i lójú mi tí mo bá délé. Ọjọ́ yẹn ni mo tó sunkún àbúrò mi. Ìwé yìí, ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo fẹ́ kọ ọ́ pé kí o pa ewì náà rẹ́. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bí i lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ ju gbogbo Èkó lọ.

Ìyẹn ni mo fi pe Bọ̀dá mi láàárọ̀ òní. Wọ́n kọ́kọ́ ní ká ní sùúrù díẹ̀ sí i. Mo ní, "Bọ̀dá mi, rédíò ò ní bá wa ní sùúrù." Ìyẹn ni wọ́n fi gbà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn á sùn, ká sọ ọ́ láàárọ̀ Sátidé. Mo ti bẹ nọ́ọ̀sì yẹn pé kó wá jókòó tì wá, ó gbà, torí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ń bà mí lẹ́rù.

Ìwọ náà, wá lọ́jọ́ Ẹtì. Tí Bọ̀dá mi bá ti sọ ọ́, tí Màmá bá ti sunkún tó wọ́n fẹ́ sun, tí mo bá mi orí sí ọ, kúnlẹ̀ níwájú wọn, kí o kéwì náà. Fi fóònù rẹ síta. Má lo ohùn rédíò fún wọn, ohùn tí o fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni kí o lò. Ojú wọn ni kí o máa wò. Tí wọ́n bá gbọ́wọ́ sókè, dákẹ́, kódà kó jẹ́ àárín ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá gbà á lẹ́nu rẹ, tí àwọn fúnra wọn bá ń kì í, má dá wọn dúró. Lẹ́yìn náà ni kí o béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá kí ará Èkó gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá ní rárá, sọ fún ọ̀gá yín pé o ò ní ewì ikú lọ́jọ́ Ajé, kí o kéwì àkàrà. Tí inú bá bí i tó ní kí o máa lọ, máa bọ̀ nílé. Bébà wà ní Ṣómólú tí a máa tò.

Ohun kan kù, òun ló sì ṣòro fún mi jù láti kọ. O mọ̀ pé Màmá máa ń kì wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó gbàdúrà àárọ̀. Láti ìgbà tí o ti kó lọ, tí wọ́n bá ti kì mí tán, wọ́n á kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á kì Gbénga. Àlàó, Àlàó, wọ́n á kì í títí ohùn wọn á fi há. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á wo ojú mi, èmi ni mo sì máa dáhùn fún un pé, "Ó kí yín o, Màmá." Gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run dá ni mò ń ṣe é. Ikú wọn ń bà mí lẹ́rù, àmọ́ ohun tó ń jí mi lójú oorun ni pé wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo ń dáhùn fún òkú, wọn ò sì ní kì mí mọ́.

Bọ̀dá mi ní ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, tí wọ́n bá kì í tán tí wọ́n wò mí, kí n má dáhùn. Àwọn á wá mú ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa dákẹ́ yẹn, ọmọ mi. Wá jókòó tì mí, kí o di ọwọ́ mi mú, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ṣé Àlàó ò kí àwọn ni.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́, ìyá rẹ, ọmọ wọn.